Àwọsánmọ̀ Yàrá Ẹ̀yìn

Sẹlẹsitíìnì ní àwọsánmọ̀ lòun fẹ́ gbé wá sí yàrá ẹ̀yìn,
yàrá tí a ń kó àgbàdo sí tẹ́lẹ̀,
tí èkúté ṣì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju akápò lọ.
Bàbá Ìdòhú, alága wa, gbójú sókè,
ó wo ọ̀run Kétu nínú oṣù Èrèlé,
ó wo ọyẹ́ tó bo àwọn igi kajú,
ó ní, "Ọmọ mi, àwọsánmọ̀ kẹ̀?
Ṣé yóò rọ̀ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Èmi akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n n ò tí ì gbàgbé Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí
tí ìyá Ṣàánúmi dé pẹ̀lú ọmọ tó ń gbóná lẹ́yìn,
tó fẹ́ gba ẹgbàá mẹ́wàá
nínú owó tó fi ọdún mẹ́ta kó jọ.
Mo tẹ ẹ̀rọ. Òrùka kékeré kan ń yí lójú rẹ̀,
ó ń yí, ó ń yí,
bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.
Ọ̀dọ̀ àwọn tí a ò mọ ojú wọn ni ìwé wa wà,
ní ìlú tí a ò lè pe orúkọ rẹ̀;
oṣooṣù là ń sanwó kí wọ́n máa bá wa rántí ara wa.
Wọ́n ti fi kún owó náà,
wọ́n kọ lẹ́tà lédè tí ẹnikẹ́ni ò kà,
wọ́n tilẹ̀kùn.
Ìlú tó ni Àkàbà Ìdèna
ń kan ilẹ̀kùn àlejò kó tó wọ yàrá ara rẹ̀!
Mo ní, "Owó yín wà, ìyá."
Ó ní, "Níbo?"
N ò rí ibi tí mo lè nàka sí.
(Ọmọ náà yè. Àpò ara mi ni mo tú.)

Ẹni tó dàgbà ní Kétu mọ òùngbẹ.
Ilẹ̀ wa ga, omi jìn,
ẹni tó bá gbẹ́ kànga, àpáta ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.
Ìyá ìyá mi kò dúró de odò tí kò sí:
ó kan páànù sétí òrùlé, ó ri ìkòkò ńlá mọ́lẹ̀,
òjò tó bá rọ̀ sórí ilé rẹ̀, tirẹ̀ ni.
Ìkòkò náà ní ọmọrí, ó ní igbá kan ṣoṣo.
Bí aládùúgbò bá tọrọ, ó ń bù fún un,
ṣùgbọ́n òun ló ń ṣí i.

"Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn,"
Sẹlẹsitíìnì ń fa wáyà gba ihò ògiri, ó fi eyín di fóònù mú.
"Òrùlé wa, ìkòkò wa.
Ìdígní yóò máa bu tirẹ̀, Ìlárá yóò máa bu tirẹ̀,
ẹni tó ń gba owó ẹ̀pà kò ní rí ìwé onígbèsè."
Ẹ̀rọ mẹ́ta ló gbé wá láti Kútọnu lábẹ́ àpò gààrí,
wọ́n dúdú, wọ́n pẹlẹbẹ bí àkàrà tó jóná.

Bàbá Ìdòhú tún béèrè, kò rẹ́rìn-ín mọ́:
"Bí iná bá jó ilé ńkọ́?
Nígbà tí ohun gbogbo di tiwa,
ṣé iná náà kọ́ ni tiwa?"
Ó pẹ́ kí ọmọbìnrin náà tó dáhùn.
Ọ̀sẹ̀ kejì ló gbé ẹ̀rọ kẹrin lọ sí Ìlárá,
sílé tíṣà kan, kí ẹ̀dà máa lọ síbẹ̀ lóru.
"Ta ni yóò máa tọ́jú wọn bí o bá lọ?"
Ó nàka sí mi.

Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta,
tí mo ṣì ń fi ìka kan tẹ̀wé.

Mo ti sùn sí ọ́fíìsì lóru mẹ́rin báyìí.
Fáànù wọn ń mí bí ẹran tó jẹun yó.
Tí ìyá Ṣàánúmi bá tún bi mí, mo mọ ilẹ̀kùn tí mo máa fi hàn án.
Èkúté ń họ nǹkan lẹ́yìn wáyà.
Bílẹ̀ bá mọ́, mo gbọ́dọ̀ wá ológbò.